Àwa Tí A Jó Irin Ọkọ̀ Ogun Níbi Tí Kò Sí Òkun

Ìgbà òtútù kejì lẹ́yìn tí owó epo já wálẹ̀ ní Calgary ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wo ọkọ̀ ogun Kánádà lórí tẹlifíṣọ̀n báyìí, ẹ lè rò pé ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Nígbà tiwa, orílẹ̀-èdè yìí kò ní ọkọ̀ ogun kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀. Ọkọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá a ṣọ́ etí òkun. Ọjọ́ tí Lọ́ńdọ̀nù sọ pé àwọn ń kó ọkọ̀ àwọn lọ sílé ni Ottawa kéde pé Kánádà yóò kan tirẹ̀. Mo ń wakọ̀ bọ̀ láti Okotoks, níbi tí mo ti lọ wáṣẹ́ tí n kò rí, nígbà tí mo gbọ́ ọ lórí rédíò. Inú mi dùn débi pé mo ń tẹ hóònù láìsí ẹni tó dí mi lọ́nà.

Ẹ ó béèrè pé kí ló kan ìlú tí kò ní òkun nínú ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ṣe táǹkì epo ti di ahoro nígbà náà. Iná wà, irin wà, iṣẹ́ ni kò sí. Ìjọba wá ní kí wọ́n pín ọkọ̀ náà sí abala-abala, kí ìlú kọ̀ọ̀kan jó tirẹ̀, kí train sì kó wọn lọ sí etí òkun. Imú ọkọ̀ àkọ́kọ́ ló bọ́ sọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù tiwa. Ẹnjiníà ni mí ní Nàìjíríà, àmọ́ wẹ́dà ni Calgary sọ mí dà, mo sì gbà á tayọ̀tayọ̀.

Àwa Yorùbá mẹ́fà la wà níbẹ̀. Èmi, Fọlákẹ́, ni mo kéré jù. Ẹ̀gbọ́n Múfútáù ló dàgbà jù. Nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù, dúdú àti funfun, Ẹ̀gbọ́n nìkan ló ti kan ọkọ̀ omi rí, ní Wàrí. Nígbà tí irin àkọ́kọ́ tí a jó ká kò bí ewé gbígbẹ, Ẹ̀gbọ́n ló fi hàn wá pé àárín ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, kí a tó máa jó o lọ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀. Doug, òyìnbó tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa, dúró tì wọ́n, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, irin kankan kò ká mọ́.

Àfi bí ìwé kan ṣe dé láti òkè. Ó ní ọkọ̀ ogun ni ọkọ̀ yìí, ẹni tó bá ti gba citizenship nìkan ló lè fọwọ́ kàn án. Kí àwọn tí PR, ìyẹn ìwé ìgbélùú lásán, ṣì wà lọ́wọ́ wọn máa lọ sílé. Mẹ́rin nínú àwa mẹ́fà ló kàn, Ẹ̀gbọ́n ni àkọ́kọ́, èmi náà sì wà níbẹ̀. Owó epo tó já ti lé Ẹ̀gbọ́n kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìyàwó wọn, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló dá gbé ẹrù ilé nínú basement tí wọ́n háyà ní Forest Lawn. Ẹ̀gbọ́n ti sọ fún mi pé bí iṣẹ́ yìí náà bá bọ́, àwọn á fi ìyàwó àtọmọ sílẹ̀, àwọn á padà sí Wàrí.

A pe ìpàdé. Doug ka ìwé náà, ó gbójú sókè, ó ní, “Any objection?”

Gbogbo wa yíjú sí Ẹ̀gbọ́n. Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Ta ló tó sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀? Ẹ̀gbọ́n náà fọwọ́ lé orúnkún, wọ́n ń retí kí alága pè wọ́n, torí àgbà kì í fò dìde láwùjọ. Doug wo ọ̀tún, ó wo òsì.

“Seeing none,” ló wí, ó sì lu tábìlì. Ó parí, ẹgbẹ́ ti gba ìwé náà wọlé.

Nínú snow, ní ibi tí a gbé mọ́tò wa sí, ọ̀rọ̀ di ariwo. Tóbi, ọ̀kan nínú àwa mẹ́fà, ló kọ́kọ́ figbe ta. “Ẹ̀gbọ́n, why you no talk now?”

“Ṣé wọ́n pè mí ni?”

“Ẹ̀gbọ́n, wọn kì í pe èèyàn níbí! Èèyàn ló ń nawọ́!”

Ibẹ̀ ni Doug bá wa. Ó wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. “I thought you guys were fine with it,” ló wí. “Nobody said a word.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọ̀wọ̀ tí a ń bu fún àgbà wa la fẹ́ fi lé wọn kúrò nílùú.

Doug ló sọ fún wa pé bí ìdá kan nínú mẹ́ta ọmọ ẹgbẹ́ bá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀, a lè tún ọ̀rọ̀ náà gbé kalẹ̀. Háà, a rìn! Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi ń kan ilẹ̀kùn àwọn ọmọ ẹgbẹ́, láti International Avenue títí dé Cranston, ẹsẹ̀ wa kú nínú bàtà. Bàbá òyìnbó kan fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú. Mo bi í pé, “Who taught you to start from the middle?” Ó tún ilẹ̀kùn ṣí, ó ní kí n mú bírò wá. Ìgbà tí orúkọ pé, mo jó ijó lórí yìnyín, mo sì fìdí jókòó.

Ìpàdé kejì, gbọ̀ngàn kún dẹ́nu ọ̀nà. Doug tún béèrè. Àwọn èèyàn wa tún yíjú sí Ẹ̀gbọ́n, bí ẹni pé a kò tíì gbọ́n. Mo bá nawọ́ sókè. Lẹ́yìn náà, mo kúnlẹ̀ síwájú Ẹ̀gbọ́n lójú gbogbo ayé.

“You okay, Folake?” Doug béèrè.

“I'm asking his permission.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé mi dìde, wọ́n ní, “Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Sọ̀rọ̀, àbúrò mi.”

Mo sọ ọ́. Mo ní orílẹ̀-èdè tó sọ pé ọkọ̀ àyálò ti sú òun, kí ló dé tó tún fẹ́ yá ọwọ́ wa lò, kó sì lé wa? Mo ṣì ń sọ̀rọ̀ nígbà tí Ẹ̀gbọ́n dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n.

“I have built ships for other people,” ni wọ́n wí. “This one, I want it to be mine.”

Ọwọ́ tó gòkè láti kọ ìwé náà lọ́jọ́ náà kò ṣeé kà tán. A daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, a ń jó yí iná ká lẹ́nu géètì, funfun, dúdú, Filipino. Lọ́jọ́ kẹwàá, òkè gbà: ẹni tó bá ní PR ní ṣọ́ọ̀bù wa lè ṣiṣẹ́, bí ìwé àyẹ̀wò ààbò rẹ̀ bá ti dé.

Tèmi tètè dé. Ti Ẹ̀gbọ́n kò dé. Oṣù ń kọjá, imú ọkọ̀ ń ga, Ẹ̀gbọ́n sì ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, torí ohun kan ṣoṣo tí òkè gbà kí wọ́n ṣe nìyẹn. Ó dùn mí wọnú egungun. Nígbà tó ku ibì kan ṣoṣo láti jó, Doug ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kí a fi í de Ẹ̀gbọ́n. Train ti dé, ọ̀gá ń pariwo, a fọwọ́ lẹ́rán. Ọjọ́ kẹta ni ìwé Ẹ̀gbọ́n dé. Wọ́n wọ akoto, wọ́n ní “Bìsìmílà”, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n lu nọ́ńbà tí a fi ń dá iṣẹ́ wọn mọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí gbogbo wẹ́dà ṣe máa ń ṣe, igbe ayọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé lọ.

Kí la jẹ? Ẹ̀gbọ́n kò padà sí Wàrí, nọ́ńbà wọn sì wà lójú òkun. Kí la pàdánù? Àwọn oṣù tí Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá nínú iṣẹ́, fi gbálẹ̀. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n títí dòní. Gbèsè sì kù, torí òfin náà kò kúrò, àwa nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda fún. Àwọn tó dé lẹ́yìn wa ṣì ń dúró lẹ́nu géètì.

Ní báyìí, èmi ni àgbà. Ní ìpàdé oṣù tó kọjá, alága béèrè bóyá ẹnikẹ́ni lódì sí ohun tó kà, mo sì rí i tí ojú gbogbo ẹ̀yin ọ̀dọ́ yí sọ́dọ̀ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò mí mọ́. Mo ti yọ̀ǹda fún yín láti òní lọ: ẹ nawọ́ sókè.