Ìlà Tó Wà Lára Ọkọ̀

Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi kọ́ Físíìsì ní yunifásítì, mo sì rò pé ó parí síbẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan lódìkejì ọ̀sà, ní apá Gberefu, mẹplọntọ ni gbogbo abúlé ń pè mí, ìyẹn olùkọ́ lédè Ègùn. Ìjọba nìkan ni kò gbà. Wọ́n ní mo mọ Físíìsì lóòótọ́, ṣùgbọ́n n ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. N ò lè jiyàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú wọn.

Ọ̀nà àbùjá kan wà fún irú wa: díplómà ọlọ́dún kan, tí à ń lọ kọ́ ní Sátidé nínú gbọ̀ngàn kan l'Ajara. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ẹyin kì í ṣe ẹyin mọ́ bó bá ti wọ kíláàsì. Ohun èlò ìkọ́ni ni. Àlàfo kan sì wà nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa, bàbá Èkìtì kan tó ń wọ kóòtù nínú ooru, fẹ́ràn àlàfo náà ju ìyàwó rẹ̀ lọ. Á na ìka sókè: “Láti inú mímọ̀ lọ sínú àìmọ̀! Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ lófìfo, òdo ni tirẹ̀.”

N ò fi í sílẹ̀ lófìfo rí. Bí mo bá fẹ́ kọ́ni nípa ooru, màá kọ ọ́ pé: Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti rí iná rí. Bó bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀, wọ́n ti rí oòrùn rí.

Ohun kan ṣoṣo ló kù, kí ọ̀gá yìí wá wò mí nínú kíláàsì, kó sì fún mi ní máàkì. Ọjọ́ tí wọ́n máa gba máàkì kẹ́yìn ló mú. Ọ̀gá ilé ìwé mi sì ti là á mọ́lẹ̀ fún mi: bí n ò bá ní ìwé ẹ̀rí díplómà náà kí sáà tó parí, kí n gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.

Iṣẹ́ ọjọ́ náà ni líléfòó lórí omi. Mo ra ẹyin, mo ra iyọ̀, mo sì kọ ọ́ sínú àlàfo: Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti rí ọkọ̀ ojú omi rí. Àwọn ọmọ tó ń wọkọ̀ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n rìn!

Mo sọdá wá pàdé ọ̀gá ní èbúté Àgbádárìgì. Ó wo ọ̀sà, ó wo ọkọ̀ onípákó, ó wá wò mí.

“O ò sọ fún mi pé omi ni.”

“Mo kọ Gberefu sínú fọ́ọ̀mù, sà.”

“Mo rò pé afárá wà ńbẹ̀ ni. Orí òkè ni wọ́n bí mi sí o.”

Bí kò bá wọkọ̀, kò sí máàkì. Mo ní kí n fi ìmọ̀ tù ú nínú. “Ẹ má bẹ̀rù, sà. Agbára tí omi fi ń ti ọkọ̀ sókè dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo ọkọ̀ àti ẹrù inú rẹ̀.”

“Bí kò bá dọ́gba ńkọ́?”

“Ọkọ̀ á rì, sà.”

Ó sún sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ méjì.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, ọmọbìnrin ọlọ́kọ̀ náà, tó ti pẹ́ ilé ìwé lọ́jọ́ náà, ti jókòó sínú ọkọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. “Dádì, ẹ wá wo nǹkan.” Ó na ìka sí ìlà funfun kan tí wọ́n fi ọ̀dà fà sára ọkọ̀ lóde. “Ẹ rí i pé omi ò tíì sún mọ́ ọn? Tẹ́ ẹ bá wọlé, á fi ìka kan gòkè. Àpò sìmẹ́ńtì méjìlá la gbé lánàá, kò kàn án.”

“Tó bá kàn án ńkọ́?”

“Ẹnì kan á sọ̀ kalẹ̀.”

“Ta ni?”

“Ẹni tó wọlé kẹ́yìn ni, Dádì.”

Ọ̀gá mi wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó fò sínú ọkọ̀ kí n tó gbẹ́sẹ̀. Títí a fi gúnlẹ̀, kò gbójú kúrò lára ìlà náà.

Ní kíláàsì, mo gbé ohun èlò ìkọ́ni sínú omi. Ó rì. Mo bu iyọ̀ sí i, mo rò ó, mo tún bu òmíràn. Iyọ̀ tán, ẹyin ò mira. Ọmọbìnrin yẹn nawọ́: “Àǹtí, ẹyin yẹn ti kọjá ìlà.” Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá, lẹ́yìn pátápátá, fi fọ́ọ̀mù bojú.

Mo ti ìwé ètò ẹ̀kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fún ọmọ náà ní ṣọ́ọ̀kì. Ó ya ọkọ̀, ó fa ìlà sí i. Ariwo sọ: ọmọ kan ní àpò àgbọn ò wúwo tó yanrìn tútù, òmíràn ní ọkọ̀ bàbá òun ò níláti nílà rárá, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Èmi kàn ń kọ fọ́múlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n bá sọ.

Ọ̀gá kọ̀, kò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù níbẹ̀. “Jẹ́ ká sọdá ná.” Òun ló kọ́kọ́ wọkọ̀.

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ Àgbádárìgì ló tó yọ bírò. Ó gba ìwé ètò ẹ̀kọ́ mi, ó fagi lé ohun tí mo kọ sínú àlàfo, ó kọ tirẹ̀ sí i: Olùkọ́ kò mọ ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀, àfìgbà tí wọ́n sọ fún un. Lẹ́yìn náà ló kọ máàkì. Àádọ́ta lẹni tó bá fẹ́ yege gbọ́dọ̀ ní. Ó fún mi ní méjìléláàádọ́ta.

“Sà,” ni mo wí, “omi mà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìlà o.”

“Kò tíì kàn án,” ló dáhùn, ó sì gba ọ̀nà títì lọ láìwẹ̀yìn.