Ọjọ́ Tí Mo Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Adájọ́

Ká ní ẹnì kan sọ fún mi nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Atlanta pé màá di ẹni tó ń jí ní ìdájí láti gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣeré lórí yìnyín, màá ní kó lọ sùn, pé ibà ló ń ṣe é. Níbi tí mo ti wá, inú kúlà àwọn tó ń ta ohun mímu tútù ni yìnyín ń gbé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọbìnrin mi wà ní ọmọ ọdún méje, ó lọ síbi ọjọ́ ìbí ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan, wọ́n wọ bàtà onírin sí i lẹ́sẹ̀, kò sì fẹ́ bọ́ ọ mọ́ láti ọjọ́ náà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ọsibítù kan ní Lawrenceville, Grayson la ń gbé, ibi tó ti ń kọ́ eré náà sì jìnnà sí méjèèjì. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó sínú òtútù pẹ̀lú búláńkẹ́ẹ̀tì lórí itan, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti lọ sí ìdíje ẹkùn wa, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni kò yege, nítorí ẹni mẹ́rin àkọ́kọ́ nìkan ló ń kọjá sí ìdíje tó ga jù ú lọ. Kí a tó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó sọ fún èmi àti bàbá rẹ̀ nínú kíṣìnnì pé bí òun ò bá kọjá lọ́tẹ̀ yìí, òun á fi eré náà sílẹ̀, òun á gbájú mọ́ ìwé. Bàbá rẹ̀ ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, ọkàn mi bàjẹ́, nítorí mo mọ bí inú ọmọ náà ṣe máa ń dùn tó láàárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí òun nìkan bá wà lórí yìnyín.

Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ máàkì eré yìí tó yé mi. Ọ̀nà méjì ni máàkì ń gbà wọlé. Àkọ́kọ́ ni ti fífò àti yíyí. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n sọ irú ohun tí ọmọ náà fò, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò lórí fídíò bóyá ó yí i pé. Fífò kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀, àwọn adájọ́ á wá fi díẹ̀ kún un tàbí kí wọ́n yọ díẹ̀ níbẹ̀. Ìyẹn ò le. Ìkejì ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀: máàkì ìrísí, tí wọ́n ń fún bí ọmọ náà ṣe ń lọ lórí yìnyín, bí orin ṣe wọ̀ ọ́ lára, bó ṣe gbé ara rẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n á yọ máàkì tó ga jù àti èyí tó kéré jù kúrò, kí ojúsàájú ẹnì kan má baà ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ètò tó dára ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdíje àgbáyé lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ tí àjọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ lágbára á ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, máàkì ìrísí rẹ̀ ò ní mì. Ọmọ tí kò ní ẹnì kankan lẹ́yìn á fo gbogbo tirẹ̀ láìfẹsẹ̀kọ, wọ́n á ní ó kù díẹ̀ káàtó. Ẹnu ń ya àwọn ìyá yòókù. Ẹnu ò ya èmi tí mo bá àwọn tó fi lẹ́tà ọ̀rẹ́ kọmíṣọ́nnà wọ yunifásítì jókòó ní kíláàsì kan náà.

Kóòṣì ọmọ mi, obìnrin ará ibí kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, ló là mí lójú pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ẹkùn tiwa kì í ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá máa ń pe adájọ́ wá síbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò, oṣù mélòó kan ṣáájú ìdíje, kó wo àwọn ọmọ wọn, kó sọ ohun tó kù fún wọn láti tún ṣe. Kò lòdì sí òfin. Nígbà tí ọjọ́ ìdíje bá fi máa dé, àwọn ọmọ yẹn ti tún un ṣe, àwọn adájọ́ sì ti mọ̀ wọ́n ní àmọ̀dunjú. Ẹgbẹ́ tiwa kéré. Kò sí ẹni tó ń pe ẹnikẹ́ni wá wò wá.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ìdíje náà dára ju bí mo ṣe rò lọ. Eré kúkúrú ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ yẹn, eré gígùn á tẹ̀lé e lọ́jọ́ kejì, wọ́n á sì ro méjèèjì pọ̀. Ọmọ mi ò ṣubú rárá. Nígbà tí èsì jáde, ipò kẹrin ló wà. Mo kọrin ìyìn nínú mọ́tò títí a fi dé Grayson, ọmọ náà sì ń bẹ̀ mí pé kí n rọra wakọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé chin-chin tí mo dín lọ sí yàrá tí àwọn òbí ti ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún àwọn adájọ́. Gbogbo òbí ló ń ṣe é, èyí náà ò lòdì sí òfin. Bí mo ṣe ń jáde ni mo pàdé ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, obìnrin àgbàlagbà onírun funfun kan. Ẹ̀yin náà ẹ sọ, kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé á ṣe? Ẹni tó ṣe yín lóore lánàá, ẹ wá pàdé rẹ̀ láàárọ̀, ṣé ẹ ó kàn kọjá lára rẹ̀ bí ẹran? Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Good morning, ma," mo wí. "Thank you so much for yesterday, ma. God bless you."

Mo wá fa ọ̀rá chin-chin kan tó kù nínú báàgì mi yọ, mo fi lé e lọ́wọ́. Obìnrin náà wò mí bí ẹni tí mo da omi tútù lé lórí. Ó dá a padà fún mi, ó ní òun ò gbọdọ̀ gbà á, ó sì yára bá tirẹ̀ lọ. Mo rò pé kò fẹ́ràn ohun dídùn ni. Mi ò mọ̀ pé ìyá kan láti inú ẹgbẹ́ ńlá tó gbàlejò ìdíje náà wà lẹ́yìn wa, ó sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi pe èmi àti kóòṣì sí yàrá kékeré kan. Olórí àwọn adájọ́ ló jókòó síbẹ̀, ọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní ẹnì kan ti fẹjọ́ sùn pé mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ adájọ́ fún ohun tó ṣe lánàá, pé mo sì fún un lẹ́bùn. Ó bi mí pé oore wo ló ṣe fún mi.

Mo fẹ́ ṣàlàyé pé bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé Yorùbá kì í dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé bí o bá jẹun nílé ẹnì kan lónìí, wàá tún dúpẹ́ lọ́la, bí ẹ bá sì tún pàdé lọ́tùnla, wàá tún fi kún un. Òwe ti dé orí ètè mi: bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì nínú ọkàn mi. Á rí òmíràn gbà kẹ̀? Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn mí gan-an nìyẹn. Mo gbé òwe náà mì.

"Sir," mo ní, "in my culture we thank people for yesterday. Even if all we did yesterday was see each other."

Kóòṣì fi ọwọ́ bo ojú. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun gbà mí gbọ́, nítorí nínú gbogbo àwọn adájọ́ àná, obìnrin tí mo lọ kúnlẹ̀ fún yẹn ló fún ọmọ mi ní máàkì ìrísí tó kéré jù, tiẹ̀ ni wọ́n sì yọ kúrò. Àwọn tó fún un ní máàkì gidi wà níbẹ̀, mo kọjá lára wọn, mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fà á sẹ́yìn. Ó ní kò sí ìyà kankan fún ọmọ mi. Ṣùgbọ́n obìnrin náà fúnra rẹ̀ ti ní òun ò ní jókòó sí tábìlì lọ́jọ́ yẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ohun tó máa sọ. Ẹlòmíràn á rọ́pò rẹ̀.

Ọmọ mi ti gbọ́ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ń so okùn bàtà rẹ̀.

"Mummy, please, ẹ má wọlé," ó ní. "Ẹ jókòó sínú car. I can't be thinking about you and my jumps."

Mo lọ. Mo jókòó sínú mọ́tò, mo gbé ọwọ́ lé orí sítíárìn, mo sì sunkún. Gbogbo àárọ̀ tí mo ti jí fún eré yìí, ọjọ́ tó lè jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀ ni mo wá wà níta.

Ibẹ̀ ni obìnrin adájọ́ náà bá mi. Ó ti wọ kóòtù, ó ń lọ mú nǹkan nínú mọ́tò tirẹ̀ nígbà tó rí mi, ó sì kan gíláàsì. Ó ní òun kì í ṣe adájọ́ lónìí mọ́, òun sì ti gba àyè lọ́wọ́ olórí wọn láti jókòó síbi tó bá wu òun. Ó ní kí n jáde, kí a jọ lọ wo ọmọ mi. Mo ní ọmọ náà ní kí n má wọlé. Ó ní a ó jókòó sókè lẹ́yìn pátápátá, kò ní rí wa.

Báyìí ni èmi àti ẹni tí mo lé kúrò ní tábìlì ṣe jókòó pọ̀, tí a jọ fi búláńkẹ́ẹ̀tì mi bo ẹsẹ̀. Nígbà tí ọmọ ẹgbẹ́ ńlá kan ń ṣe tirẹ̀, obìnrin náà ní kí n wo bó ṣe ń gbé ojú sókè nígbàkigbà tó bá dé iwájú àwọn adájọ́, bí ẹni pé àwọn ló ń kọrin náà fún. Lẹ́yìn náà ló kan ọmọ mi. Ó fò, ó yí, ó dúró ṣinṣin. Àyà mi kún fún ayọ̀. Ni obìnrin náà bá fọwọ́ kàn mí.

Ó ní, "Wò ó níbẹ̀ yẹn. Ó ń fò ju ọ̀pọ̀ wọn lọ, ṣùgbọ́n bó bá ti dé iwájú wa, á sojú wálẹ̀, á sá fún wa. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti rí i ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni ò sọ fún un."

Mo wò ó dáadáa. Òtítọ́ ni. Bó bá dé iwájú tábìlì yẹn, orí rẹ̀ á tẹ̀ díẹ̀, ojú rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Ọmọ náà ò sá fún ẹnikẹ́ni. Ó ń kọjá níwájú àwọn àgbà ni. Èmi ni mo kọ́ ọ láti kékeré pé bí àgbà bá ń wò ó, kò gbọdọ̀ tẹjú mọ́ wọn. Ìwọ lò ń wò mí lójú bẹ́ẹ̀ yẹn? Mo ti wí i tó ìgbà tí mi ò lè kà. Ó wá gbọ́ràn dé orí yìnyín.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún obìnrin náà. Ó ní kò sí bí òun ṣe lè mọ ìyẹn láti ẹ̀yìn tábìlì.

Inú kọ́kọ́ bí mi, mi ò ní purọ́. Fún ọdún mẹ́ta, àwọn àgbàlagbà ń jókòó, wọ́n ń rí nǹkan yìí, wọ́n ń fi nọ́ńbà sọ ọ́, nọ́ńbà ò sì lè sọ ìdí. Ohun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ńlá ń rí gbà lóṣù mélòó kan ṣáájú ò ju gbólóhùn kan báyìí lọ. Lẹ́yìn náà mo wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ti da ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ rú, mo ti jẹ́ kí wọ́n fura sí i, síbẹ̀ òun ló wá fún wa ní gbólóhùn náà lọ́fẹ̀ẹ́. Mo dúpẹ́ nínú mi títí ọkàn mi fi fẹ́ bẹ́. Nígbà tí a dìde, ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má wá dúpẹ́ lọ́la. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ipò karùn-ún ni ọmọ mi gbà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti ẹni kẹrin kéré gan-an. Mi ò kọrin nínú mọ́tò títí a fi délé.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ fún ọmọ mi ohun tí obìnrin náà rí. Ó gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ. Mo ní kí bàbá rẹ̀ wá jókòó tì mí nídìí tábìlì oúnjẹ, pé àwa méjèèjì ni adájọ́. Mo ní kó rìn wá láti ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, kó máa wò wá bọ̀. Ó rìn, ó bú sẹ́rìn-ín, ó wolẹ̀. Ó tún rìn, ó tún wolẹ̀.

"Mummy, it feels so rude," ó ní.

"Mo fún ẹ láyè," mo ní. "Wò mí."

Bàbá rẹ̀ wúkọ́. Ọmọ náà padà sídìí àtẹ̀gùn, ó gbé orí sókè, ó sì ń bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú rẹ̀ ò kúrò lójú mi. Èmi tí mò ń yẹ ẹyinjú aláìsàn wò lójoojúmọ́, mi ò mọ̀ pé àmì dúdú kékeré kan wà nínú ẹyinjú òsì ọmọ tí mo bí. Ó dé iwájú tábìlì, ó dúró.

"Mummy, mi ò fẹ́ stop," ó wí, ó sì ń wò mí síbẹ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ gbójú kúrò.