Yàrá Tí Issiaka Mọlémọlé Yàn Nínú Ọkọ̀ Òkun

Bí ẹ bá wọ Bantè, tí ẹ rí ilé kan tó kẹ̀yìn sí títì bí ọmọ tó ń bínú, ẹ má wulẹ̀ bèèrè ẹni tó kọ́ ọ. Issiaka ni. Issiaka mọlémọlé, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi Saratou. Gbogbo ayé ń kọ́lé kí ojú ilé lè wo ọ̀nà. Issiaka ní rárá o, gábàsì ni ilé gbọ́dọ̀ kọjú sí, ibi tí a ń kọjú sí kírun. Obìnrin kan ní Gouka ní kó bá òun kọ́ ṣọ́ọ̀bù sétí ọ̀nà. Ó kọ́ ọ lóòótọ́, àmọ́ inú oko iṣu ni ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bọ́ sí. Títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ ra ọṣẹ níbẹ̀, á kọ́kọ́ fo ebè.

Èmi Wassila tí mò ń ta aṣọ ní Savalou, n kò ní fi bò fún yín: ọkùnrin yẹn ń bí mi nínú. Kì í ṣe pé kò mọṣẹ́. Ògiri tó bá mọ, òjò kì í wó o. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó mọ ibi tó yẹ kí ògiri wà, ó rò pé òun mọ ibi tó yẹ kí gbogbo ọmọ Ádámọ̀ wà. Ibi tí o máa jókòó sí, òun ni yóò yàn án. Ibi tí o máa sùn, òun náà ni. Mo lọ kí wọn lọ́dún ìtúnu ààwẹ̀ kan, mo tẹ́ ẹní mi lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán pé kí n rẹjú. Àfi bí mo ṣe rí i tí Issiaka ń fa ẹní lábẹ́ mi, ó ní ẹsẹ̀ mi wà níbi tó yẹ kí orí wà. Àlejò ni mí o! Kò jẹ́ kí n sùn.

Saratou ló ń jẹ ìyà rẹ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n mi kì í lè wọ ọkọ̀ tí kò bá rí ìta. Bí ojú rẹ̀ kò bá ti sí lójú fèrèsé, èébì ni. Ọkọ rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ wá bá mi ṣe ìsọmọlórúkọ ní Savalou, ó tì í sí àárín ìjókòó ẹ̀yìn nínú taksí, láàárín àpò gàrí àti ọkùnrin sísanra kan. Ó ní ibẹ̀ ló yẹ obìnrin. Òun alára jókòó síwájú. Kí wọ́n tó dé, Saratou ti bì sínú gèlè rẹ̀, gèlè tí èmi fúnra mi fún un! Issiaka sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn agbádá, ó ní, "Ìyá Moufida, ṣé kò sí nǹkan?" Bí kì í bá ṣe pé àlejò pọ̀ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá gba ibòmíràn yọ.

Moufida yìí ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti wà ní Faransé, tí ìyá rẹ̀ kò fojú kàn án. Inú ọkọ̀ òkun ńlá ló ti ń fọ aṣọ, irú èyí tí àwọn olówó ń wọ̀ kiri láti èbúté dé èbúté láìní ọjà tí wọ́n fẹ́ tà. Lọ́dún yìí, àwọn ọ̀gá rẹ̀ gbà fún un pé kó mú àwọn òbí rẹ̀ wá wọkọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ kan, yàrá kan fún àwọn méjèèjì. Ìwé ìrìnnà jáde. Saratou sunkún ayọ̀ títí. Ó ń di ọwọ́ mi mú, ó ń wí pé, "Wassila, màá rí ojú ọmọ mi."

Ó wá ku kí wọ́n yan yàrá. Mo wà ní Bantè lọ́jọ́ tí Moufida fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù ìyá rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ọkọ̀. Ó ní, "Ìyá mi, yàrá mẹ́ta ló kù. Ọ̀kan wà lókè pátápátá níwájú, ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó máa ń mì. Ọ̀kan wà láàárín gbùngbùn ọkọ̀, ó ní fèrèsé, ẹ óò máa rí òkun, kì í sì í mì tó bẹ́ẹ̀. Ìkẹta wà nínú lọ́hùn-ún lápá ẹ̀yìn. Kò ní fèrèsé rárá, ẹ̀rọ ọkọ̀ sì ń bú lábẹ́ rẹ̀. Èwo lẹ fẹ́, Ìyá mi?"

Ìyá rẹ̀ ló bi, àbí ẹ kò gbọ́? Saratou la ẹnu báyìí pé kóun fèsì, ọwọ́ Issiaka ti dé orí fóònù.

"Mú un wá. Kí lo mọ̀ nípa yàrá?"

Ó mú igi, ó ya ọkọ̀ náà sílẹ̀ láàárín àgbàlá, ó wá ń yí i po. Ó wo oòrùn, ó wo ilẹ̀, ó tún wo oòrùn. Ó pe ọmọ rẹ̀. "Moufida, apá ibo ni gábàsì wà nínú ọkọ̀ yìí?"

"Bàbá mi, ọkọ̀ ń yí o. Ó lè kọjú síbí láàárọ̀, kó kọjú sọ́hùn-ún nírọ̀lẹ́."

Issiaka wo fóònù bí ẹni tí wọ́n bú. "Ilé téèyàn ń sùn sí, ó ń yí? Ẹ sọ fún awakọ̀ yín kó dúró sójú kan! Fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀."

Nọ́ńbà awakọ̀! Ẹ gbà mí o! Ọkùnrin tó jẹ́ pé omi tó fẹ̀ jù tí ojú rẹ̀ ti rí ni èyí tó ń dá rogún lójú ọ̀nà Koko lẹ́yìn òjò, òun ló fẹ́ kọ́ awakọ̀ òkun níṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà ń dùn mí. Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti yàn. Yàrá ẹ̀yìn ni, èyí tí kò ní fèrèsé, torí pé nínú àwòrán tí òun yà sílẹ̀, ṣáláńgá tirẹ̀ nìkan ni kò kọjú sí gábàsì.

Mùsùlùmí ni èmi náà, mo mọ̀ pé a kì í kọjú sí gábàsì ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń yí, ṣáláńgá inú rẹ̀ náà ń yí! Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, Saratou á bì nínú yàrá yẹn."

"Á mọ́ ọn lára."

"Fún odindi ọ̀sẹ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ kan kò pẹ́," ni ó wí, ó sì jókòó sójú atẹ́gùn.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn ilé, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. Ó ní tó bá jẹ́ inú àpótí yẹn ni, kí òun kúkú má lọ mọ́, nítorí òun kò fẹ́ kí ọmọ òun wá máa kó èébì òun lójú àwọn òyìnbó. Ọdún mẹ́jọ! Mo so ìborùn mi, mo lọ pe Lèmọ́mù Sanoussi bí wọ́n ṣe kírun Aláàsárì tán.

Lèmọ́mù wá, ó fi sùúrù gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó wo ọkọ̀ tí Issiaka yà sílẹ̀. Ó ní, "Issiaka, Ọlọ́run mú nǹkan rọrùn fún ẹni tó wà lórí ìrìn. Ibi tí ìyàwó rẹ á ti ní àlàáfíà ni kí o yàn. Ìyókù, ẹ ṣe é bí ẹ bá ṣe lè ṣe é mọ."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Issiaka dìde, ó gbọ́wọ́ sókè níwájú Lèmọ́mù, ó ké débi tí àwọn ará ilé kejì fi yọjú. "Wàláhì! Èmi Issiaka, tí kò bá ti jẹ́ yàrá tí mo yàn yẹn, n kò ní sun ibòmíràn nínú ọkọ̀ náà!"

Ó rò pé òun ti borí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Saratou jáde láti ẹ̀yìn ilé, ojú rẹ̀ ti gbẹ. Ó kúnlẹ̀ kí Lèmọ́mù.

"Lèmọ́mù, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí bàbá Moufida fi búra?"

"Mo gbọ́."

"Ẹni tó bá fi Ọlọ́run búra, ṣé kò yẹ kó pa á mọ́?"

"Ó yẹ." Mo rí i tí Lèmọ́mù fẹ́ tún nǹkan kan sọ, bóyá bí ènìyàn ṣe lè tú ìbúra ni. Ó wo ojú Saratou, ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́, ó gba fóònù rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Issiaka. Lójú gbogbo wa níbẹ̀ ló ti fi ohùn ránṣẹ́ padà: "Moufida ọmọ mi, yàrá àárín ni, èyí tó ní fèrèsé. Èmi nìkan ni mò ń bọ̀. Bàbá rẹ ti búra, n kò sì fẹ́ kó ṣẹ̀ Ọlọ́run nítorí mi."

Ha! Issiaka wo Lèmọ́mù. Lèmọ́mù ń wá bàtà rẹ̀. Issiaka tún wo èmi. Kí ló ń wò mí fún? Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ ìrìn-àjò, ó ń wá ọ̀nà tí yóò fi bọ́ nínú ìbúra náà. Ó ń bèèrè bóyá wọ́n lè ti àga mọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá kí òun jókòó mọ́jú, bóyá èèyàn lè máa sùn ní gbàgede ọkọ̀. Saratou á kàn dá a lóhùn pé, "Ẹ ti búra, bàbá Moufida." Kò gbé ohùn sókè lẹ́ẹ̀kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, a sìn ín dé ibi tí taksí Cotonou ń dúró sí. Issiaka ló gbé àpò. Kò rántí ara rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó nawọ́ sí àárín. Ẹ̀gbọ́n mi gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ó sì yí gíláàsì fèrèsé wálẹ̀ pátápátá. Ó dágbére fún wa. Taksí gbéra.

Issiaka dúró nínú eruku náà títí. Nígbà tó yá, ó yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, ó ní, "Wassila, ta ni yóò wá máa dáná fún mi báyìí?"

"Ẹ̀yin lẹ yan ibi tí ààrò wà, Ẹ̀gbọ́n," ni mo dá a lóhùn. "Ẹ kò lè ṣìnà débẹ̀."