Èsì Mẹ́ta, Ìpè Kan Ṣoṣo

Ara mi ṣì máa ń bù máṣọ bí mo bá rántí ọ̀sán ọjọ́ tí mẹ́tíróònù ilé ìwòsàn kan pè mí láti Ìgàndó. Ó béèrè bóyá kọ̀ǹpútà mi ń ṣiṣẹ́. Mo ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó wá ní kí ló dé tí èsì àyẹ̀wò obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ fi wà nílẹ̀ láti bíi wákàtí kan, tí dókítà ò sì gbọ́.

Ẹgbẹ́dá ni mo ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà nígbà náà, lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, Bọ̀dá Múrí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Òun ló kọ́ mi ní èdè Perl, òun náà ló fi fáìlì-háńdù hàn mí, ìyẹn ohun tí ètò máa ń dì mú láti fi ka nǹkan. Irú kan wà tí kò ní fáìlì kankan lẹ́yìn, òǹkà lásán ló wà nínú rẹ̀. Bí láàbù ilé ìwòsàn náà bá fi èsì ránṣẹ́, oókan á gorí òǹkà. Ètò mi tó ń sùn á jí, á kà á, òǹkà á padà sí òdo. Ètò mi á wá mú èsì, á fi ránṣẹ́ sórí fóònù dókítà, á tún padà sùn. Mo ń fi yangàn káàkiri. Bọ̀dá Múrí bi mí bóyá mo ti dán an wò, mo ní ìgbà ogún. Òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń fi èsì ránṣẹ́ nígbà ogún náà.

Mi ò ro ti iná rárá. Láptọ́ọ̀pù láàbù ní bátìrì, ẹ̀rọ tó so ó mọ́ tiwa kò ní. Bí iná bá lọ, èsì á kóra jọ. Bí iná bá dé, wọn á rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́ta ló rọ́ dé lọ́jọ́ náà. Ètò mi jí, ó mú ẹyọ kan, ó padà sùn.

Orí ọ̀kadà ni mo wà, tí mo ń lọ sí ilé ìwòsàn náà, nígbà tí Bọ̀dá Múrí pè mí. Ó ti ka iṣẹ́ mi.

“Òǹkà sọ fún ẹ pé mẹ́ta ni,” ó ní. “Ìwọ ni o ò bi í pé mélòó.”

Ọkọ obìnrin náà ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó wọ sùtánà funfun, kò wọ bàtà. Wọ́n ti sọ fún un pé èmi ni mo ni kọ̀ǹpútà tó ń gbé èsì, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi. Mo sọ òótọ́ fún un.

“Èmi kọ́ lo ṣẹ̀,” ó ní. “Wọlé lọ sọ fún un.”

Wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára lọ́wọ́, ètè rẹ̀ funfun. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: mẹ́ta dé, ẹyọ kan lọ, tirẹ̀ wà nínú méjì tó kù. Mo ń retí èpè.

“Wọ́n ti rí tèmi,” ó ní. “Ta ló ni ìkejì?”

Láti Ẹgbẹ́dá títí dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mi ò béèrè. Mo wo mẹ́tíróònù, òun náà ń wò mí. Mo ki eré mọ́lẹ̀, ó di láàbù.

Obìnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, ó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná janjan mọ́yà. Wọ́n ti ní kó máa dúró de ìpè dókítà. Ó kí mi, ó ní ṣé èmi ni wọ́n rán wá pe àwọn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, mo sì gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.