Omi Òrùlé Ilé Ẹ̀kọ́ Wa

Òórùn páànù gbígbóná tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ lé lórí, tó dàpọ̀ mọ́ èéfín ẹja tí ìyé mi ń yan, ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí bí mo bá ronú kan ilé ẹ̀kọ́ wa. Pákó ni ògiri rẹ̀, orí òpó igi ló dúró sí létí omi. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Ìlàjẹ mọ̀ pé omi yí wa ká, ṣùgbọ́n omi iyọ̀ ni. Orí páànù ilé ẹ̀kọ́ lomi mímu wa ti ń wá. Gọ́tà á gbé e lọ sínú tánkì sìmẹ́ǹtì ńlá kan.

Ìyé mi ló ń tọ́jú tánkì náà, èmi ọmọbìnrin rẹ̀ ni mo sì ń tọ́ omi wò. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, a ó yí ẹnu gọ́tà sóde kí òjò kọ́kọ́ fọ ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lórí òrùlé. Màá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, màá tọ́ ọ wò, màá pariwo pé, "Kò tíì mọ́!" Kò sẹ́ni tó ń mira, títí kan ọ̀gá àgbà. Ìyé mi á ní, "Ẹnu ọmọ ọlọ́mọ lomi yìí ń lọ. Má jẹ́ kí wọ́n kán ọ lójú." Ìgbà tí mo bá wá ní, "Ó ti mọ́!" ni ariwo korobá á sọ.

Lọ́dún tó kọjá, àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ṣèpàdé ní Igbókòdá. A fẹnu kò pé a ó fi iná sólà àti kànga ẹ̀rọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ àtijọ́ kò gbọdọ̀ yí padà. Ẹnjiníà tí a gbé iṣẹ́ náà fún ní tánkì yẹn ń ba ẹwà ilé jẹ́. Mo dìde, mo ní kí a kọ́kọ́ mu omi kànga náà fún ẹ̀ẹ̀rùn kan kí a tó wó tánkì. Alága wa, tí a jọ mu omi yẹn dàgbà, rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ẹ̀bùn, ayé omi òjò ti lọ o. Ẹ má dá iṣẹ́ dúró."

Wọ́n wó o. Wọ́n yọ gọ́tà náà. Lónìí pákó ń dán, fáànù ń yí, mi ò ní purọ́, ó wu ojú. Ṣùgbọ́n omi kànga pọ́n, ó sì níyọ̀. Ọmọ tí kò bá rí omi inú ọ̀rá rà, òùngbẹ ló fi ń kàwé. Inú ń bí mi, kò sì tíì rọ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí bá mi níbẹ̀. Ó rọ̀ títí, ó ń ti orí páànù dà sínú omi iyọ̀, àwọn ọmọ ń wò ó. Nígbà tí mo wà ní kékeré, igbe mi kan ń dá gbogbo ilé ẹ̀kọ́ dúró. Mo dàgbà tán, mo sọ̀rọ̀ lójú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó dúró. Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ síta lójú fèrèsé, mo tọ́ ọ wò.

Ó ti mọ́. Kò sí korobá kankan nílẹ̀.