Ìkúnlẹ̀ Tó Dá Ìdánwò Mi Dúró

Òórùn láfún ni mo fi ń mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn ti dé ní àdúgbò wa. Lẹ́yìn fèrèsé yàrá mi ní Ìgbó-Ọrà, àpáta pẹlẹbẹ kan wà, orí rẹ̀ sì ni àwọn obìnrin àdúgbò máa ń sá láfún sí. Láti àárọ̀ ni òórùn kíkan náà ti ń gba ojú fèrèsé wọlé, a sì ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ nínú aṣọ wa. Ẹni tó bá ń yí láfún lójú oòrùn kì í sì í dákẹ́. Ó ń kí ẹni tó ń kọjá, ó ń kí ẹni tó wà nínú ilé, bí kò bá rí ẹnì kankan, á kí adìyẹ. Ìwọ tí o mọ ilé wa náà yóò gbà pé kò sí ibi tó le ju ibẹ̀ lọ fún ẹni tí wọ́n bá ní kó jókòó jẹ́ẹ́, kó má fọhùn, kó má wo ọ̀tún, kó má wo òsì.

Bẹ́ẹ̀ ohun tí ìdánwò dìgírì mi ń béèrè lọ́wọ́ mi gan-an nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì nígbà náà. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí tó sọ mí di nọ́ọ̀sì tí ìjọba mọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní dìgírì, ayé sì ti yí mọ́ wa lọ́wọ́. Ọmọbìnrin kan tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń wá iṣan lápá aláìsàn ló padà wá di ọ̀gá wa ní wọ́ọ̀dù, torí pé òun ní dìgírì. N kò bínú sí i. Ọmọ dáadáa ni, ó ṣì ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀. Ara mi ni mo ń bínú sí. Nígbà tí mo wá gbọ́ pé yunifásítì kan ń jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ parí dìgírì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láìfi iṣẹ́ sílẹ̀, n kò dúró gbọ́ ìyókù kí n tó forúkọ sílẹ̀.

Ìwọ náà mọ̀ mí, n kì í lè jókòó. Láti kékeré ni wọ́n ti ń bi mí pé ṣé èèrà wà nísàlẹ̀ àga mi ni, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó jẹ́ iṣẹ́ ìdúró sì wá bá mi lára mu. Orí ìdúró ni mo ti ka ìwé náà. Mo ń gbọ́ olùkọ́ nínú fóònù bí mo ṣe ń dáná, bí mo ṣe ń fọ aṣọ àwọn ìbejì mi, bí mo ṣe wà lẹ́yìn ọlọ́kadà tí eruku ń bò mí. Okùn fóònù kì í kúrò létí mi lábẹ́ ìborí. Bí mo bá wà ní wọ́ọ̀dù, iṣẹ́ tí olùkọ́ fún wa ni mò ń rò. Bí mo bá dé ìdí iṣẹ́ olùkọ́, aláìsàn tí mo fi sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù ni yóò máa yọjú sí mi. Ọkọ mi máa ń ní òun fẹ́ ẹnì kan, ìjì ló wá wọlé. Mo rẹ́rìn-ín sí i nígbà yẹn, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí òótọ́.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ fara gbá a. Ìdèrè ni Ìyá ń gbé, ọ̀kadà ló sì máa ń gbé e wá kí wa. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó sórí àpótí nílé ìdáná mi, ó ń sọ̀rọ̀, mo ń ṣa ẹ̀fọ́, mo ń ní, "Ẹ̀n, ẹ̀n, Ìyá." Olùkọ́ kan sì ń ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀ ríru létí mi kejì. Nígbà tó yá, Ìyá dákẹ́. Ó wò mí títí.

Ó ní, "Ìyá Ìbejì, kí ni mo sọ?"

Mo yọ okùn fóònù létí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Kò bú mi. Ó gbọn ìborùn rẹ̀, ó jáde, ó dá ọlọ́kadà dúró, a kò sì fojú kàn án nílé wa mọ́ fún oṣù mélòó kan. Ọkọ mi lọ bẹ̀ ẹ́, ó ní òun kò bínú. Àgbà tó bá ti ní òun kò bínú, ìbínú rẹ̀ ti kọjá ohun tí ẹnu ń sọ.

Bí ìdánwò tó gbẹ̀yìn ṣe wá kù sí dẹ̀dẹ̀ nìyẹn. Òun nìkan ló kù láàárín èmi àti dìgírì, bí mo bá sì pàdánù rẹ̀, mo di èrò ọdún tó ń bọ̀. Inú yàrá ẹni la ti ń ṣe é, kámẹ́rà kọ̀ǹpútà á sì máa ṣọ́ni. Òfin wọn ni pé ojú akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ kúrò níwájú kámẹ́rà, ohùn ẹlòmíràn kò sì gbọ́dọ̀ wọ yàrá. Mo lọ bá àwọn tó ń sá láfún lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bẹ̀ wọ́n pé bí wọ́n bá rí mi lójú fèrèsé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má kí mi. Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ń yí. Ọ̀kan bi mí ní kọ̀rọ̀ pé èwo nínú wọn ló ṣẹ̀ mí. Mo kó àwọn ìbejì lọ sílé aládùúgbò. Gbogbo ayé ni mo kìlọ̀ fún, àfi Ìyá, torí ta ló ń retí Ìyá?

Ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó. Ojú mi wà níwájú kámẹ́rà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ń jó lábẹ́ tábìlì bí ẹsẹ̀ télọ̀ lórí máṣíìnì. Lóde, àwọn obìnrin náà ń yí láfún wọn láìfọhùn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọn sì ń dẹ́rù bà mí ju ariwo lọ. Mo ti kọjá ìdajì nígbà tí ẹnì kan ké "Ẹ kúulé o" lẹ́nu ọ̀nà. N kò dáhùn. Ìlẹ̀kùn ṣí. Ìyá ni, ìborùn funfun lọ́rùn, àpò ọ̀rá kékeré lọ́wọ́, ojú rẹ̀ sì tutù bí ojú ẹni tó wá parí ìjà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bi mí pé kí ló dé tí n kò kàn fi ojú bẹ̀ ẹ́. Orí mi mọ òfin náà dáadáa, orúnkún mi ni kò mọ̀ ọ́n. Kí n tó rò ó, mo ti wà nílẹ̀. Ìyá gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí. Ó ń kì, ó ń kì, èmi ń sọ nínú ara mi pé kó tètè parí, kó tètè parí, àga ti ṣófo. Nígbà tí mo fi dìde, ìbéèrè ti kúrò lójú kọ̀ǹpútà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n ti dá ìdánwò mi dúró, torí pé wọn kò rí ojú mi mọ́, ẹlòmíràn sì ń bá mi sọ̀rọ̀ nínú yàrá.

Mo sunkún. Mo ṣàlàyé fún Ìyá bí mo ṣe ń sunkún, ó sì rọra jókòó sétí ibùsùn mi.

Ó ní, "Ṣé kíkí tí mo kí ọ ló bà á jẹ́?"

Mo ní rárá. Irọ́ ni, àwa méjèèjì sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ó dìde, ó wọ ilé ìdáná, ó se oúnjẹ alẹ́ fún àwọn ọmọ, ó sì padà sí Ìdèrè láìmu omi.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ìgbìmọ̀ ìdánwò pè mí sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí n wá wí tẹnu mi. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n, kò sí Yorùbá kan láàárín wọn. Obìnrin tó jẹ́ olórí wọn fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún mi pé wọ́n fura pé ẹnì kan ń ka ìdáhùn sí mi létí, torí pé ohùn náà ń lọ létòlétò bí ohun tí ènìyàn kọ́ sórí. Ó kù díẹ̀ kí n bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ìyá ọkọ mi ni, oríkì ló ń kì. Ó ní àwọn kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé àwọn yóò jẹ́ kí n gbọ́ ohùn náà, kí n sì máa túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn. Ó wá bi mí ní ìbéèrè tí mo ti gbọ́ rí nílé ìdáná mi: kí ni ó sọ?

Ohùn Ìyá jáde nínú kọ̀ǹpútà. Mo la ẹnu láti túmọ̀ rẹ̀, ìgbà yẹn ni èmi fúnra mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ.

"Àjọkẹ́, ọmọ a-jí-fọkọ́-kí-oòrùn. Ọmọ àgbẹ̀ Lanlate tí kì í jókòó de òjò."

Mo túmọ̀ ìyẹn tán. Oríkì ilé bàbá mi ni. Láti ìgbà tí ìyá tó bí mi ti kú, kò sí ẹni tó fi kì mí mọ́. Ìyá Ìbejì ni Ìyá máa ń pè mí, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó mọ̀ pé Àjọkẹ́ ni mí. Obìnrin náà ní kí n máa bá a lọ. Ohùn Ìyá ti wá lọ sílẹ̀, kì í ṣe oríkì mọ́.

"Àjọkẹ́ mi, ẹsẹ̀ rẹ ti rìn tó. Jókòó. Torí kí o lè jókòó ni mo ṣe wá. N óò bá ọ dáná alẹ́."

Mo sọ fún wọn pé ó ní kí n jókòó. Ọ̀kan nínú wọn yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Olórí wọn ní òfin ni òfin, pé ó yẹ kí n ti ìlẹ̀kùn mi, ṣùgbọ́n wọn yóò jẹ́ kí n tún ìdánwò náà ṣe.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìdèrè lọ́jọ́ náà gan-an. Mo bi Ìyá pé ta ló kọ́ ọ ní oríkì ilé wa. Kò gbójú sókè nínú ẹ̀gúsí tó ń ṣẹ́. Ó ní òun lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní Lanlate lọ́jọ́ ọjà, òun sì ń lọ títí oríkì náà fi wọ òun lórí.

Ó ní, "Mo ń pè ọ́ ní Ìyá Ìbejì, o ò dá mi lóhùn. Mo ní bóyá mi ò mọ orúkọ rẹ ni."

Mo fi ilé Ìyá sílẹ̀ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ojú wíwú. Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò kejì pé, ó ti dé kí n tó fọ ojú. Ó gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó jókòó lé e. Mo ti ìlẹ̀kùn náà, síbẹ̀ mo ń gbọ́ ọ tó ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ dá àwọn aláfún tó ń wá kí i lóhùn pé kí wọ́n má bínú, Àjọkẹ́ ń jókòó lónìí.

Mo ti gba dìgírì náà, wọ́n sì ti fún mi ní ipò tó yẹ mí. Má rò pé ara mi wá balẹ̀ o. Ọmọ ẹni tí kì í jókòó de òjò ni mí, bí mo ṣe ń sọ èyí fún ọ, ẹsẹ̀ mi ń jó lábẹ́ àga. Àmọ́ bí aláìsàn bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ní wọ́ọ̀dù, pàápàá àwọn ìyá àgbà tí ọ̀rọ̀ wọn kì í tètè tán, mo máa ń fa àga sún mọ́ wọn. Bí wọ́n bá parí, mo máa ń bi ara mi pé, kí ni wọ́n sọ? Bí n kò bá rí i sọ, mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.