Abdulmateen Ògbufọ̀, Lẹ́yìn Tí Àwọn Àlejò Lọ

Ogun ló lé Abdulmateen kúrò ní Khartoum, níbi tó ti kàwé tó sì ti ń kọ́ni ní èdè Lárúbáwá. Òun, Ruqoyyah ìyàwó rẹ̀, àti Safiyat ọmọ wọn padà sí agboolé bàbá rẹ̀ ní Pákàtà, ní Ìlọrin, lọ́wọ́ òfo. Ó ṣí ilé kéwú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, àwọn ọmọ ń pọ̀ sí i.

Ìgbà náà ni wọ́n kéde pé Ìlọrin ni àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Áfíríkà yóò ti wá sáré ìje. Wọ́n da ọ̀dà sí títì, wọ́n kun ògiri ní Post Office, wọ́n sì ń wá ògbufọ̀ tó gbọ́ Lárúbáwá. Abdulmateen ni wọ́n mú.

Ọ̀gá tó ń bójú tó ètò náà sọ fún un pé, "Lẹ́yìn eré yìí, gbogbo ayé á mọ Ìlọrin. Àwọn ará òkèèrè á máa wá dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ níbí. A ó ṣí ọ́fíìsì tí yóò máa gbà wọ́n lálejò. Ibẹ̀ lẹ ó ti máa ṣiṣẹ́, Àlùfáà."

Kò pẹ́ sí i, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pè é láti Niamey pé àyè olùkọ́ ṣí sílẹ̀ ní yunifásítì ibẹ̀.

"Ẹ lọ," Ruqoyyah wí. "Ẹnu lásán ni ti ọ́fíìsì."

"Mi ò tún fẹ́ fi ìlú mi sílẹ̀ mọ́. Ìlú yìí ń dìde bọ̀."

Eré náà dùn. Àwọn ọmọ Ìlọrin ń pariwo orúkọ ọmọ Algeria tí wọn ò mọ̀ rí. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ọ̀gá mú Abdulmateen lọ bá Hichem, ará Tunisia kan tó ń wá ibi tí yóò kọ́ iléeṣẹ́ aṣọ eré ìdárayá sí. Hichem béèrè bóyá iná máa ń wà, bóyá ọkọ̀ òfuurufú lè gbé ẹrù láti ibí lọ sókè òkun tààrà.

"Ẹ sọ fún un pé gbogbo rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà," ọ̀gá wí.

Abdulmateen túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Hichem wò ó lójú. "Ẹ̀yin alára ńkọ́? Ṣé ẹ gbà bẹ́ẹ̀?"

Abdulmateen yíjú sí ọ̀gá.

"Àwọn èèyàn yín dára," Hichem wí jẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n Accra ni màá kọ́ ọ sí."

Àwọn àlejò lọ. Wọ́n gbé ọ̀gá lọ sí ẹ̀ka mìíràn, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ kò sì gbọ́ nípa ọ́fíìsì kankan rí. Niamey ti gba ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ kéwú, tí kò ráyè fún nígbà eré, ti bọ́ sọ́wọ́ àlùfáà mìíràn, àwọn òbí wọn ò sì dá wọn padà. Ruqoyyah kò sọ pé òun ti wí i tẹ́lẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

Koríko hù bo ojú ọ̀nà ìsáré. Wọ́n ti ẹnu géètì pápá pa.

Lóṣù tó kọjá, Safiyat, tó gbọ́ Lárúbáwá bí omi, ní òun fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Táíwò Road.

"Lárúbáwá rẹ ńkọ́?" bàbá rẹ̀ bi í.

"Bàbá, ta ni màá máa sọ ọ́ fún?"

Nígbà tó di ọjọ́ Àtìní, ìyẹn ọjọ́ Ajé, bàbá fúnra rẹ̀ ló mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ náà, ó sì bẹ ìyá tó ni ibẹ̀ pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀.